Ẹ ka ọjọ́ kẹ́ ẹ tó ka èlé: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí oníṣòwò kékeré lè gbà rówó ta ọjà sókè òkun

Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń ru aṣọ kiri ìlú, àwìn ni wọ́n ń tà jù. Wọ́n á dá ọjọ́ fún ẹni tó rà, tí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló gbowó mi. Bí wọ́n ṣe di òṣómàálò nìyẹn. Ọ̀nà yẹn gbéṣẹ́ torí pé òṣómàálò mọ ilé onígbèsè, ó mọ ìyá rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń wò wọ́n.

Ẹni tó ta kọ̀ntéínà kajú kan sí Vietnam ò rí ẹnu ọ̀nà kankan lóṣòó sí. Ohun tí àwọn báńkì ń pè ní trade finance, ohun tí wọ́n fi rọ́pò ìlóṣòó ni. Ọjà ti kúrò lọ́wọ́ yín, owó ò tíì dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sí àárín méjèèjì, ẹni náà á sì gba owó ìdúró rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé ọjà ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń kó kajú, yànmọ̀tí, òrí àti ìṣápá lọ sókè òkun ni mo ń bá to ìwé. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mi ni pé ibo lèlé ti kéré jù. Èmi náà á bi wọ́n: ọjọ́ mélòó lowó yín máa lò níta? Ẹni tí ò bá mọ ìdáhùn ìyẹn, kò sí èlé tó kéré fún un.

Kọ̀ntéínà kan, ọjọ́ 80

Ẹ jẹ́ ká mú kajú láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́. Láti nǹkan bí oṣù Kejì ló ti ń jáde, tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, òjò ti ń bà á jẹ́. Ẹ ó rà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ ó sá a, ẹ ó dì í sínú àpò jútù oníkílò 80: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ á gbé e dé Apápá, àyẹ̀wò, kọ́sítọ́ọ̀mù, dídúró de ọkọ̀ ojú omi: ọ̀sẹ̀ méjì, bí ojú ọ̀nà bá gbà. Orí omi dé Vietnam, ẹ fi ọjọ́ 45 sí i. Ó di ọjọ́ 80, ẹni tó rà á ò tíì gé kóró kan wò. Tó bá sì gé e, iye pọ́n-ùn (ti ìwọ̀n, kì í ṣe owó) ọmọ inú tí àpò kan mú jáde ló máa ṣírò. Tó bá jẹ́ 48, inú rẹ̀ á dùn. Tó bá jẹ́ 44, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ó wá ku ẹni méjì tó fẹ́ yá yín ní mílíọ̀nù 10 náírà. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó fọwọ́ sí ìwé, ọjọ́ 60 ló sì fún yín láti dá owó padà. Ẹnì kejì ń gba 30, ọ̀sẹ̀ kan lowó ń jáde, ọjọ́ 120 lẹ ní. Lójú ìwé, ti ẹni àkọ́kọ́ ló dínwó: oṣù kan á jẹ 200,000, ti ẹnì kejì á jẹ 250,000. Ṣùgbọ́n owó ẹni àkọ́kọ́ máa dé nígbà tí kajú tó dáa ti wọ ilé ìpamọ́ ẹlòmíì tán, ọjọ́ ìdápadà á sì pé nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí òkun. Ibẹ̀ ni báńkì ti máa bẹ̀rẹ̀ owó ìtanràn. Ẹnì kejì ni màá bá lọ, láìwojú ẹnikẹ́ni.

Bí ìdá 30 bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ rántí pé ní oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5. Orí ìyẹn ni àwọn báńkì yòókù ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tiwọn nígbà náà.

Bí ẹni tó rà ṣe máa sanwó

Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa yá yín lówó, torí òun ló máa sọ iye tẹ́ ẹ nílò láti yá àti iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi yá a.

| Ọ̀nà | Ìgbà tówó ń wọlé | Ta lẹ̀rù ń bà? | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Àsansílẹ̀ | Kí ọjà tó kúrò nílé | Ẹni tó rà | Ọjà kékeré, oníbàárà tó mọ̀ yín |
| LC (letter of credit) | Tí báńkì bá yẹ ìwé wò tán tó sì pé | Ẹni tó kọ ìwé, ìyẹn ẹ̀yin | Kọ̀ntéínà kan sókè, oníbàárà tuntun |
| Sanwó kó o gbàwé | Nígbà tí ọkọ̀ ń sún mọ́ èbúté | Ẹ̀yin, bí iye ọjà bá já | Oníbàárà tẹ́ ẹ ti bá ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta |
| Àwìn | Ọjọ́ 30 sí 90 lẹ́yìn tí ọjà dé | Ẹ̀yin nìkan | Ẹni tó lágbára láti dúró |

Àsansílẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Bí oníbàárà bá ní òun á san ìdá 30 sílẹ̀, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ má ṣojú ayé. Àwọn èèyàn wa tó ní ìsọ̀ oúnjẹ ní London ló ń tètè gbà bẹ́ẹ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀, torí wọ́n mọ ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí fún wọn, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Òṣómàálò ṣì wà níbẹ̀, ó kàn dorí kodò ni: ẹni tó rà ló lè rán àbúrò rẹ̀ wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín.

LC ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ohun tó dá lé kò ṣòro: báńkì ẹni tó rà ṣèlérí pé tẹ́ ẹ bá mú ìwé báyìí-báyìí wá, tó pé, tó bá ohun tí wọ́n kọ mu, òun á san, bí oníbàárà fẹ́ bí ó kọ̀. Ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé lórí rẹ̀ ni UCP 600, tí ICC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé tó wà ní Paris, gbé jáde, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2007. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni báńkì ní láti yẹ ìwé wò, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ọjà wọ ọkọ̀ láti kó ìwé kalẹ̀, àfi tí LC náà bá dá ọjọ́ mìíràn.

Ibi tó ti ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀ ni pé báńkì kì í wo ọjà. Ìwé ló ń wò.

Ìyá kan wà tí mo to ìwé fún, ará Ògbómọ̀ṣọ́. LC tirẹ̀ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ ti wọ ọkọ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Tírélà tó gbé kajú náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà Apápá. Nígbà tí bill of lading, ìwé tí ọlọ́kọ̀ fi jẹ́rìí pé ọjà ti wọ ọkọ̀, jáde, ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Mo ti rí i kí n tó gbé e dé báńkì, àdúrà ni mo kàn ń gbà. Ọmọbìnrin tó gbàwé lọ́wọ́ mi ń ṣí i léwé-léwé, ó dé ibẹ̀, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ náà, ó yí ìwé padà sí mi. Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì péré. Báńkì ẹni tó rà yọ owó àṣìṣe tirẹ̀, oníbàárà náà ní òun ò ní gbàwé àfi tá a bá dín owó lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Iye kajú ti wálẹ̀ lọ́jà lákòókò yẹn, àwáwí ló ń wá, a sì fún un.

Mo pe ìyá náà lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí.

"Ọmọ mi, ṣé kajú náà korò lẹ́nu wọn ni?"

"Rárá o, Mà. Ọjọ́ orí ìwé ló korò."

Torí náà, tí wọ́n bá fẹ́ ṣí LC fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di pé báńkì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ka ọjọ́ tiyín tán, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé e. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọkọ̀ máa pẹ́, ẹ pe oníbàárà lọ́jọ́ náà kó tún ọjọ́ ṣe, nígbà tó ṣì nílò ọjà. Tí ọjà bá ti wọ ọkọ̀ tán, ẹ̀bẹ̀ lẹ ó máa bẹ̀. Tí ẹ kò bá sì mọ báńkì tó ṣí i, tàbí tí orílẹ̀-èdè ibẹ̀ kò fara rọ, ẹ béèrè kí báńkì mìíràn tẹ́ ẹ mọ̀ fi ìlérí tirẹ̀ kún un. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ fi wé iye kọ̀ntéínà yín kẹ́ ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

LC tún wúlò lọ́nà kejì tí àwọn èèyàn ń gbàgbé: ẹ lè gbé e lọ bá báńkì tiyín láti fi yáwó ra ọjà. Báńkì tó ti kọ̀ yín torí pé ẹ ò ní ilé tẹ́ ẹ máa fi dúró á jókòó dáadáa tó bá rí LC báńkì ńlá. Àmọ́ fún páálí òrí ogún, LC dà bí kéèyàn gba tírélà torí apẹ̀rẹ̀ ata kan. Owó báńkì nìkan á jẹ èrè tán.

"Sanwó kó o gbàwé" ni ọ̀pọ̀ oníkajú ń lò. Báńkì yín á fi ìwé ránṣẹ́ sí báńkì ẹni tó rà, wọn ò ní fún un àfi tó bá sanwó. Ó dínwó ju LC lọ, wàhálà ìwé rẹ̀ sì kéré. Àléébù rẹ̀ ni pé báńkì ò ṣèlérí kankan, ìránṣẹ́ ló jẹ́. Tí iye ọjà bá já nígbà tí ọkọ̀ wà lórí omi, oníbàárà lè má yọjú. Kọ̀ntéínà yín á jókòó sí èbúté òkèèrè, owó ìdúró á máa gun ara wọn lójoojúmọ́, ẹ ó sì wá ẹlòmíì tó máa rà á ní iye tó bá wù ú.

Nǹkan kan wà lórí èyí tí mo máa ń tún sọ títí ọ̀fun á fi gbẹ. Bill of lading ọkọ̀ ojú omi ni àṣẹ ọjà: ẹni tó bá mú ojúlówó rẹ̀ dání ló máa gba ọjà. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ á lọ gba ẹrù ní pápákọ̀, ìwé tó wà ní báńkì kò dí i lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fi bàlúù kó ọjà, tẹ́ ẹ sì rò pé "sanwó kó o gbàwé" ń ṣọ́ yín, àwìn lẹ tà. Kẹ́ ẹ má sì fi ojúlówó bill of lading ránṣẹ́ tààrà sí oníbàárà torí ó ní òun ń kánjú.

Àwìn gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní owó mìíràn lẹ́yìn.

Ibi tówó ríra ọjà ti lè wá

Ẹ̀yáwó báńkì lásán ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń lé àwọn kékeré padà jù. Ilé ni wọ́n ń béèrè, ilé tó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Láti 2017, òfin ti wà ní Nàìjíríà tó gbà kéèyàn fi ohun tó ṣeé gbé dúró: ẹ̀rọ, ọjà inú ilé ìpamọ́, àní gbèsè tí ẹlòmíì jẹ yín. Wọ́n ń forúkọ irú ohun ìdúró bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní National Collateral Registry. Ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ báńkì kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀. Àwọn kan mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn mìíràn á tún béèrè ìwé ilé.

NEXIM, báńkì ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 fún ọjà tó ń lọ sókè òkun, àti Bank of Industry, èlé tiwọn sábà máa ń kéré ju ti báńkì oníṣòwò lọ. Fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọ́kajú tàbí kọ́ ilé ìsáǹkan, mi ò ní tọ́ka ibòmíì fún un. Fún kajú tó máa tán lóko ní oṣù mẹ́ta, ìwé wọn á gùn ju ìgbà kajú lọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni.

Ìyáwó lórí LPO (local purchase order, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń béèrè ọjà) bá ẹni tó ń kó ọjà fún iléeṣẹ́ ńlá nílé níbí mu. Iléeṣẹ́ náà fún yín ní ìwé pé òun fẹ́ tọ́ọ̀nù báyìí, ayánilówó á fún yín lówó lórí ìwé náà, nígbà mìíràn á san án tààrà fún ẹni tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí LPO náà, torí òun ni ayánilówó ń wò, kì í ṣe tiyín.

Títa ìwé gbèsè ni èyí tí mo rò pé àwọn kékeré ò tíì lò tó. Ẹ ti kó ọjà fún iléeṣẹ́ kan, ó ní lẹ́yìn ọjọ́ 90 lòun á san. Ẹ gbé ìwé owó náà fún ẹlòmíì, á fún yín ní nǹkan bí ìdá 70 sí 80 lójú ẹsẹ̀, á dúró gba gbogbo rẹ̀, á yọ owó tirẹ̀, á fún yín ní ìyókù. Òṣómàálò tẹ́ ẹ háyà nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: bí iléeṣẹ́ náà ò bá san rárá, ta lẹ máa mú? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ẹ̀yin", ẹ̀yáwó lásán lẹ gbà, orúkọ ló yí padà. Tó bá jẹ́ "òun", èlé rẹ̀ á ga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yáni ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye téèyàn ti dá jọ. Kò lè ra kọ̀ntéínà. Ó lè san owó ìforúkọsílẹ̀, àpẹẹrẹ ọjà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, àti àpò jútù, kẹ́ ẹ má bàa fi owó onídàá 30 ra nǹkan kéékèèké.

Àwìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún yín ni ọ̀nà tó pẹ́ jù níbí. Àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin aláṣọ ti Lomé ní Togo, dọlọ́rọ̀ lórí rẹ̀: àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ń gbé aṣọ àǹkárá fún wọn láwìn, wọ́n ń tà á dé gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n gé agbára owó CFA sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní 1994, iye owó aṣọ di ìlọ́po méjì lóru ọjọ́ kan, ọjà wọn sì dà rú. Ohun kan náà bá àwọn tó ń kó ọjà wọ Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ẹni tó jẹ gbèsè dọ́là ní oṣù Karùn-ún nígbà tó wà ní nǹkan bí náírà 460, tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní oṣù Kẹjọ, ó bá dọ́là tó ti lé ní 700. Bí náírà lẹ fi ń tajà nílé, ẹ má jẹ gbèsè dọ́là ọlọ́jọ́ gígùn.

Ẹ̀yáwó orí fóònù: owó ọjọ́ 30 fún ọjà ọjọ́ 80.

Tí oníbàárà bá wà ní Áfíríkà níbí

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ta ọjà láti Ìbàdàn sí Accra máa ń dúró de dọ́là tó gba New York kọjá. PAPSS, ètò ìsanwó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí Afreximbank, báńkì òwò Áfíríkà, gbé jáde, tí wọ́n ṣí ní Accra ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, jẹ́ kí ẹni tó rà san sídì kí ẹni tó tà gba náírà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Nàìjíríà, Gánà, Gáḿbíà, Làìbéríà, Gínì àti Sierra Leone. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà sí Kùtọnu ń rí i pé orúkọ Benin àti Togo ò sí nínú àwọn mẹ́fà náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onípààrọ̀ owó ní Sèmè ò fi tíì palẹ̀ mọ́. Ẹ bi báńkì yín bóyá ó wà lórí PAPSS. Tó bá wà, ọ̀nà ìgbowó ló ní o, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n bó bá dín ọjọ́ ìdúró yín kù, ó ti dín èlé yín kù.

Kẹ́ ẹ tó jókòó níwájú ẹnikẹ́ni

Ìwé CAC, ìwé ẹ̀rí NEPC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà tó ń lọ sókè òkun), àkáǹtì dọ́là, fọ́ọ̀mù NXP (ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà tó ń jáde sílẹ̀) láti báńkì kí ọjà tó kúrò. Owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì gbọ́dọ̀ padà wọlé láàárín ọjọ́ 180, báńkì sì ń ka tiyín bẹ́ẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ sì wádìí bóyá wọ́n ń gba ọjà náà níbi tó ń lọ: ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dí ọ̀nà rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2015 torí oògùn kòkòrò. Kò sí LC tó máa gbé e wọlé.

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ padà wá lọ́dún kejì. Ó ti gba ìdá 20 àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà mìíràn, ó yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, LC ló fẹ́ fi bo ìyókù. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n padà sí ibi tí ọjọ́ wà. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ká bí ẹní, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ní kí n fi àmì síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bírò pupa wá.